Ẹyin Lohùn

Àwọn baba wa, tí wọ́n fi ojú inú wo ayé tí wọ́n sì fi òwe di ohun tí wọ́n rí bí a ti í di ẹrù ọ̀nà jíjìn, ni wọ́n sọ fún wa pé ẹyin lohùn, bó bá ti bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ní í fọ́, kò sì sí ọlọ́gbọ́n tó lè ṣà á jọ padà sínú èèpo rẹ̀. Òwe yìí ló ń mú kí àgbà rọra fọhùn, òun ló ń mú kí ẹlẹ́rìí bẹ̀rù ìbúra, òun náà ló sì mú kí ẹkún òkú pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín wa, nítorí a mọ̀ pé bí ènìyàn bá ti wọ káà ilẹ̀ lọ, tí ó di àrìnnàkò, tí ó di ojú àlá, ohùn rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń pòórá nínú gbogbo ohun tí ó ní. Aṣọ rẹ̀ a kù, ilé àti oko rẹ̀ a kù fún àwọn ọmọ láti pín, ṣùgbọ́n kò sí ìdílé tí ó tíì pín ohùn ní ogún rí.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí títí di 1877, nígbà tí Thomas Edison, ará Amẹ́ríkà, kígbe sínú ẹ̀rọ kan tí ó fi ewé tánganran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé, tí ẹ̀rọ náà sì dá ohùn rẹ̀ padà fún un. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìgbà náà ni Emile Berliner, ọmọ bíbí ilẹ̀ Jámánì tí ó fi Amẹ́ríkà ṣe ibùgbé, gbé tirẹ̀ dé, ó kọ ohùn sára àwo pẹrẹsẹ, èyí sì ni ó di giramafóònù tí àwọn baba ńlá wa ní Èkó Akéte mọ̀. Nígbà tí Edison ń ka àǹfààní ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ ní 1878, lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà kíkọ àti ẹ̀kọ́ ilé-ìwé, ó ka fífi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ẹni tí ń kú lọ pamọ́ fún àwọn ará ilé rẹ̀ mọ́ ọn. Òkú ti wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀.

Mo ní ọ̀kan. Kì í ṣe alápòótí kékeré tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé lọ sí òde àríyá; èyí tí ó wà nínú pálọ̀ mi ní Sùúrùlérè ga dé àyà àgbàlagbà, igi pupa tó le ni wọ́n fi kàn án, ó ní ìlẹ̀kùn méjì níwájú bí ti kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn náà ni fèrè rẹ̀ sì lúgọ sí, nítorí láti 1906, tí ilé-iṣẹ́ Victor ní Amẹ́ríkà ti gbé Victrola jáde, ni àwọn oníṣẹ́ ti ń fi ẹnu fèrè ńlá náà pamọ́ sínú àpótí kí ó lè jọ ohun èlò ilé. Ẹni tí mo rà á lọ́wọ́ rẹ̀ sọ pé Ìsàlẹ̀ Èkó ni ó ti wá, pé ó wà lára ẹrù ìdílé kan tí wọ́n kó wá sí Sùúrùlérè lẹ́yìn 1955, nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé àárín ìlú fún àtúntò. Mo bá a nínú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan ní Múṣín, níbi tí wọ́n ti fẹ́ tú gbogbo inú rẹ̀ dànù kí wọ́n lè sọ ọ́ di àpótí ìgò ọtí, ó sì dùn mí bí ẹni pé mo rí àgbà kan tí wọ́n ń fi irùngbọ̀n wọ́ kiri ìgboro. Bàbá kan tí ń tún aago ṣe ní Yábàá ni ó so sípíríǹgì rẹ̀ tí ó já.

Iṣẹ́ rẹ̀ rọrùn láti ṣàlàyé. Bí a bá fi apá irin tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yí i, sípíríǹgì inú rẹ̀ a ká jọ bí ejò; bí a bá tú u sílẹ̀, a máa yí àwo ní ìgbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan, abẹ́rẹ́ a máa tọ ipa tí ohùn ti là sára àwo, gbígbọ̀n abẹ́rẹ́ a mi awọ tínrín kan, fèrè a sì sọ gbígbọ̀n náà di ohùn tí ń kún ilé fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kò sí iná mànàmáná nínú rẹ̀ rárá. Àwo náà fúnra rẹ̀, oje tí kòkòrò kan ń sun sára igi ní ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n pò mọ́ lẹ́búlẹ́bú òkúta. Ó le, ó wúwo, ṣùgbọ́n bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni, fífọ́ ní í fọ́. Òwe àwọn baba wa kò kúkú di irọ́, ẹyin náà ló pààrọ̀ èèpo.

Ọ̀rọ̀ tí ó mú mi gbé kálàmù wáyé ní ọjọ́ Àìkú kan. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo bọlá fún nítorí ìtara rẹ̀, yà kí mi lẹ́yìn ìsìn, ó sì bá mi nídìí àwo sákárà kan. Ó gbọ́ ọ dópin tọwọ̀tọwọ̀, lẹ́yìn náà ni ó bi mí pé, “Bàbá, ṣé ẹni tó ń kọrin yìí ṣì wà láyé?” Mo ní, “Ó ti jẹ́ ìpè tipẹ́tipẹ́, ọmọ mi.” Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n Ìwé Mímọ́ ti kọ abókùúlò fún wa. Òkú kò ní ọ̀rọ̀ í bá alààyè sọ. Ẹ bá mi gbé àpótí yìí kúrò nílé.” N kò bá a jiyàn, nítorí a kì í fi ìbínú dáhùn ẹni tí ìfẹ́ mú sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n oorun kò kùn mí lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì mọ̀ pé n kò lè fi ọwọ́ gbá ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn bí ẹni gbá eṣinṣin.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí a kọ̀ fún wa ní ti òkú, kí ó lọ sí Éńdórì. Ọba Sọ́ọ̀lù pa aṣọ dà, ó fi òru bojú, ó lọ bá obìnrin tí ó ń pe òkú, ó sì ní kí ó bá òun gbé Sámúẹ́lì dìde. Kí ni ó ń wá? Kì í ṣe nítorí pé àárò Sámúẹ́lì ń sọ ọ́, kì í sì í ṣe pé ó fẹ́ tún gbọ́ bí wòlíì náà ti ń fọhùn. Ogun ń bọ̀ lọ́la, ó sì fẹ́ mọ ibi tí yóò yọrí sí. Ọlọ́run ti dákẹ́ sí i, ó wá fẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé já ohun tí wọn kò fún un ní ojúde. Èsì ni Sọ́ọ̀lù ń wá. Nínú ìbéèrè ni ẹ̀ṣẹ̀ Éńdórì wà, nínú kí alààyè sọ òkú di ojúgbà Ẹlẹ́dàá, kí ó máa bi í ní ohun tí Ẹlẹ́dàá nìkan mọ̀.

Ó sì yà mí lẹ́nu pé èdè wa ti dáhùn ọ̀rọ̀ yìí kí n tó bèèrè rẹ̀. Nígbà tí rédíò dé, tí àwọn ènìyàn wa wò ó tí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ náà bá rédíò mu, ṣùgbọ́n giramafóònù ni ó tọ́ sí jù, nítorí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú rédíò, bí a bá kọ lẹ́tà sí i, ó lè fèsì lọ́la. Ẹni tí ń kọrin nínú àwo kò lè gbọ́ wa láé. Mo lè béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, orin kan náà ni yóò máa kọ. Kò mọ ọ̀la mi, kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo wà. Ẹni tí ń tẹ́tí sí i kò bá òkú lò. Ẹ̀rí ni ó ń gbọ́, bí ẹni tí ń ka ìwé ìhágún baba rẹ̀ kò ti jẹ́ abókùúlò.

Èsì tí mo fẹ́ lọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà nìyẹn, ó sì dá mi lójú pé ó tọ̀nà. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún ara mi: mo ti dá ẹni inú àwo lóhùn rí. Àwọn olórin sákárà ayé ọjọ́un, irú Àbíbù Olúwa tí àwọn ará Èkó pè ní Oníwàásì nítorí bí orin rẹ̀ ti kún fún ìmọ̀ràn, a máa gbàdúrà fún ẹni tí wọ́n ń kì, wọn a sì na àdúrà náà kan gbogbo olùgbọ́. Mo jókòó nínú òkùnkùn ní alẹ́ kan tí iná ti lọ, tí jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò pàápàá ti dákẹ́, olórin ṣàdúrà ẹ̀mí gígùn fún wa, àmín sì bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Ta ni mo ṣe àmín fún? Ẹni tí ó gbàdúrà ti kú. Ẹni tí wọ́n gbà á fún, tí wọ́n ní ẹ̀mí rẹ̀ yóò gùn, òun náà ti kú. Awọ tí wọ́n fi bo sákárà ti jẹrà. Ṣé àdúrà a máa gbó bí aṣọ ti í gbó?

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ àáfà kan lọ ní Láwánsọn, ẹni tí a jọ dàgbà, kò sì fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ yìí ti ṣe àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí rí, pé ní 1899, ní ìlú Batavia tí ó di Jakarta lónìí, àgbà onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Sayyid Uthman ti kọ̀wé lórí ohun tí òfin sọ nípa Kùránì tí a gbọ́ láti inú ẹ̀rọ yìí. Ó ní ṣáájú ìgbà náà pàápàá, àwọn onímọ̀ ìlànà Hanafi ti sọ pé ẹni tí ó bá gbọ́ ẹsẹ Kùránì tí ó pè fún ìforíkanlẹ̀ láti ẹnu gbohùngbohùn, kò di dandan fún un láti forí kanlẹ̀, nítorí gbohùngbohùn inú àpáta kò ní àníyàn. Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sílé, mo ń yí i po bí ẹni ń jẹ obì. Òtítọ́ ni: àpótí kò gbàdúrà. Ọkùnrin kan ni ó gbàdúrà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní ọ̀sán kan ṣáájú ìgbà tí a bí mi, Ọlọ́run sì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Àmín tèmi kò lọ sínú àpótí, kò sì lọ sí ibojì. Ó tọ àdúrà náà lẹ́yìn lọ sí ibi tí ó ti lọ, bí ẹni tí ó pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì ti í ṣe àmín sí àdúrà tí kò bá níbẹ̀rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì lé e síta. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣe àmín láìbẹ̀rù.

Ohun kan wà tí ó tún jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ní 1922, Kánọ́ọ̀nù Josiah Jesse Ransome-Kútì, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Lísàbí, tí a bí ní 1855, àlùfáà tí ó rí i pé orin òyìnbó ń fọ́ ohùn Yorùbá lójú tí ó sì fi ohùn orin ilẹ̀ wa kọ orin ìsìn, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kọ orin tí ó lé ní ogójì sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Ní ọdún náà, wọn kò tíì fi iná mànàmáná gba ohùn sílẹ̀. 1925 ni èyí dé. Ẹnu fèrè ni bàbá náà kọjú sí. Èémí àyà rẹ̀ gan-an ni ó mi awọ fẹ́lẹ́, awọ náà ni ó ti irin mímú, irin náà ni ó sì gbẹ́ ìda. Nítorí náà, bí a bá gbé irú àwo bẹ́ẹ̀ lé giramafóònù alápá, kò sí ohun mìíràn láàárín èémí bàbá yẹn àti etí wa: èémí ni ó gbẹ́ ipa náà, apá ènìyàn ni ó sì yí i jáde. Bàbá náà kú ní 1930. Ní 1938 ni wọ́n bí ọmọ ọmọ rẹ̀, Fẹlá, tí kò rí i sójú rí, tí ó sì ṣeé ṣe fún un láti mọ ohùn baba ńlá rẹ̀. Nígbà tí Fẹlá di àgbà, tí ó ń gbé ní Ìdí-Òro ní Múṣín, nínú ilé tí iná jó ní ọjọ́ 18 oṣù Èrèlé 1977, ó ti ju Ransome nù nínú orúkọ rẹ̀, ó sì fi Aníkúlápó rọ́pò rẹ̀, ẹni tí ó ní ikú nínú àpò. N kò lè gbọ́ orúkọ yìí kí n má rántí àpò bébà tí àwo ń gbé. Èmi kò ní àwo Kánọ́ọ̀nù. Orí àwo òde òní tí wọ́n dà á kọ sí ni mo ti gbọ́ ọ, tí ohùn náà ń jáde láti ọ̀nà jíjìn, tí ariwo bí òjò lórí páànù bò ó, tí gbogbo ọ̀rọ̀ sì ṣì ń dún ketekete.

Apá tí a fi ń yí ẹ̀rọ yìí ni mo fẹ́ kí a wò dáadáa. Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, lẹ́yìn ìsìnkú àgbà, egúngún a máa jáde ní àwòrán olóògbé, a fi ohùn rẹ̀ kí àwọn ọmọ, a sì súre fún wọn. Kristẹni ni mí, n kò sì kúnlẹ̀ fún ará ọ̀run; ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé àwọn tí ó dá àṣà yẹn sílẹ̀ kò mọ nǹkan. Wọ́n mọ̀ pé òkú kò lè dá dúró lójú agbo, pé alààyè kan gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ aṣọ náà tí yóò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ yá a, tí yóò fi èémí ara rẹ̀ yá a. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni giramafóònù alápá. Rédíò ń jẹ iná, fóònù ń jẹ bátìrì, ṣùgbọ́n èyí ń jẹ agbára tí mo jẹ iyán sí lára. Bí n kò bá yí i tó, ohùn náà a bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, a fà, a wúwo, bí àgbà tí oorun ń kùn lẹ́nu ìtàn. Mo gbà pé ohun tí ó bọ́gbọ́n mu ni èyí, pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ẹni tí ó ti lọ fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú ara rẹ̀.

Ìyá mi kú láìsí ẹni tí ó gba ohùn wọn sílẹ̀. Wọn a máa fi oríkì jí mi ní kùtùkùtù, wọn a pè mí ní Àkànní, wọn a ki orílẹ̀ wa títí n ó fi dìde, ẹni tí a bá sì kì bẹ́ẹ̀, orí rẹ̀ a wú, kò sí òtútù ọyẹ́ tí yóò dá a padà sórí ẹní. Mo mọ ọ̀rọ̀ inú oríkì náà dé òpin. Ohùn náà ni mi ò mọ̀ mọ́. Mo rántí pé ó wà, bí a ti í rántí òórùn ilé tí wọ́n ti wó, ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí n fi etí inú gbọ́ ọ, ohùn tèmi ni mo máa ń gbọ́. Èyí ni kò jẹ́ kí n lè fi gbogbo ẹnu dá ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn lẹ́bi. Bí mo bá ní àwo kan tí ohùn ìyá mi wà lára rẹ̀, ṣé mo lè gbọ́ ọ kí n má béèrè nǹkan? Ṣé n kò ní sọ pé, “Ìyá mi, ẹ wò mí o”? Ó ṣeé ṣe kí àánú wà nínú pé àlejò ni gbogbo ohùn tí ó wà nínú àpótí mi jẹ́ sí mi.

Mo ti rí àwọn tí wọ́n ń kó ẹ̀rọ wọ̀nyí jọ ní méjì, ní mẹ́ta, ní mẹ́wàá, tí ilé wọn kún tí ọ̀nà àtigbé ẹsẹ̀ di ìṣòro, èmi náà sì ti ní mẹ́ta nígbà kan kí n tó fi méjì tọrẹ. Ìfẹ́ ni ó mú wọn bẹ̀rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ a máa di ojúkòkòrò bí a kò bá ṣọ́ ọ, ọjọ́ a sì pé tí ènìyàn ń ka àpótí bí ẹní ń ka ẹran ọ̀sìn, tí kò sì gbọ́ ẹyọ orin kan láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Kí ni a tilẹ̀ ní nínú wọn? Lórí ọ̀pọ̀ àwo ni àwòrán ajá kan wà tí ó dẹ etí sí ẹnu fèrè, tí ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín ń sọ pé ohùn ọ̀gá rẹ̀ ni ó ń gbọ́. Nipper ni orúkọ ajá náà. Ọ̀gá rẹ̀ ti kú ní 1887, ajá náà fúnra rẹ̀ kú ní 1895, ṣáájú kí àwòrán tí Francis Barraud, àbúrò ọ̀gá rẹ̀, yà tó di èyí tí gbogbo ayé mọ̀ ní 1899. Ajá náà kò ní fèrè, kò ní àpótí, kò sì ní àwo. Etí nìkan ni ó ní, n kò sì rò pé èmi tí mo fi owó ra gbogbo rẹ̀ ní ju ohun tí ó ní lọ.

Igi àti irin ni mo rà. Ohùn náà kì í ṣe tèmi, ìdí sì nìyí tí ọkàn mi kò fi balẹ̀ lórí ohun kan tí gbogbo ẹni tó ní àwo àtijọ́ mọ̀: abẹ́rẹ́ irin ń họ ohùn kúrò lára àwo ní gbogbo ìgbà tí a bá gbé e. Ẹni tí ń gbọ́ ọ ń jẹ ẹ́. Bí mo bá pa àwo mọ́ sínú àpò rẹ̀, mo ti tún olórin náà sin lẹ́ẹ̀kejì. Bí mo bá ń gbé e lójoojúmọ́, mo ń pa á díẹ̀díẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àwọn kan ní ilẹ̀ Òyìnbó ti rí irú ìrora yìí, tí wọ́n sì ń fi ọparun àti ẹ̀gún gbẹ́ abẹ́rẹ́ dípò irin, kí ó lè jẹ́ abẹ́rẹ́ ni yóò máa gbó, kí àwo má baà gbó. Ohùn rẹ̀ kò lágbára bíi ti irin. Ènìyàn gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn, kí ó sì dákẹ́. Mo ti yan ọparun.

Àwo kan wà tí aáyán ti jẹ bébà àárín rẹ̀ tán, tí kò ku lẹ́tà kan. Ọkùnrin kan ni ó ń kọrin lórí rẹ̀, pẹ̀lú gìtá kan àti ohun tí ó jọ agídìgbo, èdè rẹ̀ sì ní ohùn Ìjẹ̀bú nínú. Mo ti gbé e fún àwọn àgbà gbọ́ ní Èbúté Mẹ́ta, ní Yábàá, ní Múṣín. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Nínú orin náà, ó ki ìyá ẹni kan, ó bẹ ọ̀rẹ́ kan kí ó má bínú, ìṣẹ́jú mẹ́ta sì pé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni mo tún gbé e, ọmọ ọmọ mi sì jókòó sílẹ̀ níwájú àpótí, ó fi àgbọ̀n lé orúnkún. Bí orin ti dé àárín ni ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í fà, tí ó ń lọ sílẹ̀, nítorí mo gbàgbé láti yí i kún.

Ọmọ náà ní, “Bàbá àgbà, kí lorúkọ wọn?”

Mo ní n kò mọ̀.

Ó wo ẹnu fèrè díẹ̀, lẹ́yìn náà ó dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì di apá irin náà mú. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n bá wọn yí i.”